Ẹja Lórí Tábìlì Dókítà

Ní Beimen, ìlú kékeré kan létí òkun, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí àwo, tí omi iyọ̀ sì gba ìdajì rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún Siu-kim lókìkí ju ojú rẹ̀ lọ. Ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn obìnrin yòókù tí afẹ́fẹ́ òkun ti sá gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi ẹ̀mú tín-ín-rín sáàárín àtàǹpàkò àti ìka àárín, tí ó fi ìka ìfábẹ̀là tẹ ẹran ẹja wò, ńṣe ni eegun ń jáde bí ẹni pé ó ti ń retí ìpè láti ọjọ́ pípẹ́.

Sabahi ni wọ́n ń pe ẹja tí wọ́n ń sìn nínú àwọn adágún ibẹ̀. Ẹran rẹ̀ funfun, ikùn rẹ̀ lọ́ràá, ènìyàn lè jẹ ẹ́ láàárọ̀ nínú ìrẹsì olómi kí ó tún béèrè rẹ̀ lálẹ́. Àmọ́ Ẹlẹ́dàá tí ó fi adùn sí i lára kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́ ní ìrọ̀rùn. Eegun rẹ̀ lé ní igba. Òmíràn tín-ín-rín bí irun, òmíràn là lórí bí ẹ̀ka igi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Bun-hiong, ọmọ kan ṣoṣo tí Siu-kim bí, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn há a lọ́fun tí ojú rẹ̀ fi dúdú. Láti ọjọ́ náà ni Siu-kim ti bá eegun ẹja wọ ìjà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ìjà náà di iṣẹ́, iṣẹ́ náà ló sì rán ọmọ ọ̀hún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Ohun kan ń bani nínú jẹ́ nípa iṣẹ́ tí a fi ń mú kí nǹkan má sí. Ẹni tó mọ odi, odi ni yóò fi hàn. Ẹni tó yọ eegun dáadáa kò ní ohun kan láti fi hàn. Ẹni tí ń jẹun kò ní rántí rẹ̀ láé, àfi ọjọ́ tó bá ṣe àṣìṣe.

Ní ilé ẹja, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn obìnrin á tò yí tábìlì irin ká, yìnyín á kún àwo wọn, ọwọ́ wọn á sì máa wọ inú rẹ̀ lọ, á máa jáde. Kò sí ẹni tí ń wọ ìbọ̀wọ́. Ìka tó bá wọ ìbọ̀wọ́, afọ́jú ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń wí. Ẹja sì ń gún wọn. Bí ó bá gún ẹnìkan, á fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà, á tu ú dànù, á sì ti ọwọ́ bọ inú yìnyín padà. Bí wọ́n ṣe ń ka òjò sí ni wọ́n ń ka ìyẹn sí.

Nígbà tí Bun-hiong rí iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Taipei, olú ìlú wọn, tí ó sì fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó jókòó. Ó ti sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé ìyá òun ti fẹ̀yìn tì. Siu-kim ní òun ti gbọ́. Bí ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, yìnyín ń yọ́ lórí bàtà rọ́bà rẹ̀. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ọmọ bá ń bọ̀ wá kí i, á fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti atalẹ̀ ra ọwọ́ títí awọ á fi máa ta á, nítorí òórùn ẹja kì í bá ènìyàn pa irọ́ pọ̀. Ọdún mẹ́fà ni ó fi ṣe èyí, ó sì ń dùn mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, bí ó ti ń dùn mọ́ ọmọdé tó ń jí ẹran jẹ.

Ní òpin ìgbà òtútù kan, oríkèé tó wà láàárín ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú. Kò dùn ún púpọ̀. Ohun tó tàn án jẹ nìyẹn. Ìrora tó bá kígbe, ènìyàn á dá a lóhùn. Èyí kàn ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni. Ó tọ olóògùn eegun lọ lẹ́bàá ojúbọ, ẹni yẹn fi òróró dúdú wọ́ ọ, ó sì fi aṣọ dì í. Ó tún wú sí i.

Ní ilé ẹja, A-kiok ni ó máa ń jókòó tì í. Ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Kim, ìka yín mà ti lóyún o. Ta ló ni ín?"

"Bàbá ọkọ rẹ ni."

"Á! Ẹni tí ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Ìwọ lo rò bẹ́ẹ̀."

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín, Siu-kim náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún gbé ẹ̀mú, ẹ̀mú náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ó lọ sí kílíníìkì kékeré kan létí ọ̀nà. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ tẹ oríkèé náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní làkúrègbé ni, ọjọ́ orí ló fà á. Ó gún abẹ́rẹ́ tí ń pa wíwú sínú rẹ̀ gan-an. Bí idán ni! Kò tó ọjọ́ mélòó kan tí ìka náà fi rọlẹ̀, Siu-kim sì ń yọ eegun, ó ń kọrin. Lẹ́yìn náà ni wíwú náà padà dé bí ẹni tó wá sin gbèsè, tí wọ́n lé, tó lọ kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá. Ìka náà nípọn bí atalẹ̀ tútù, ó pọ́n, ó dúdú létí, ojú kékeré kan sì là sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí omi kíki ń ti ibẹ̀ jáde. Bí ó bá fẹ́ ká a, kò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà tí Bun-hiong àti ìyàwó rẹ̀ wá fún ọdún òrìṣà àdúgbò. Siu-kim fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìdáná, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè fi ọwọ́ kan bu ọbẹ̀ fún ọmọ títí. Ọmọ náà rí i. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n sì wà ní ọsibítù ńlá ní Tainan kí ọ̀sán tó pọ́n.

Obìnrin ni Dókítà Sia, kò tíì tó ogójì ọdún, ó ní ojú ẹni tí oorun kì í tó. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè bí ó ti yẹ.

"Iṣẹ́ wo ni Màmá ń ṣe?"

"Wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́," ni Bun-hiong dáhùn. "Ilé ni wọ́n wà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà."

"Wọ́n ń dáko? Wọ́n ń bomi rin òdòdó? Ẹ̀gún gún wọn?"

"Rárá o. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò."

Dókítà wo Siu-kim. Siu-kim wo òrùlé. Ìyàwó Bun-hiong wà lórí àga lẹ́yìn wọn, ìyẹn sì ni ẹni tí òbí rẹ̀ ti gbọ́ pé ìyá ọkọ ọmọ àwọn ti jókòó. Báwo ni ìyá yóò ṣe sọ ọmọ rẹ̀ di òpùrọ́ lójú aya rẹ̀? Ó panu mọ́.

Dókítà fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé náà. Kò mọ́ gaara bí omi oríkèé ṣe yẹ kó rí. Ó dà bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Wọ́n rán an lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbin irú rẹ̀ sínú àwo, kí kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ lè hù kí wọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá, àwo náà ṣófo. Kò sí ohun tó hù.

Dókítà gbé fọ́tò eegun sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Ẹ wò ó. Orí eegun méjèèjì yìí yẹ kó dán. Ó ti rí bí igi tí ikán jẹ. Nǹkan kan wà nínú oríkèé yìí tí ń jẹ ẹ́, mo mọ̀ pé kì í ṣe làkúrègbé lásán. Àmọ́ mi ò rí i mú. Mo lè ṣí i kí n fọ̀ ọ́. Bí kò bá dáwọ́ dúró, a ó gé ìka náà kí ó má baà ba ìyókù ọwọ́ jẹ́."

"Ẹ gé e," ni Bun-hiong wí. Ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀rù a sì máa mú kí ọmọ rere sọ̀rọ̀ bí àlejò. "Màámi, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Kí lẹ tilẹ̀ fẹ́ fi ìka yẹn ṣe?"

Siu-kim dìde.

"Ọwọ́ ta ni ìka yìí wà?"

"Màámi..."

"Mo ní ọwọ́ ta ló wà? Ṣé ọwọ́ rẹ ni? Ẹni tó bá ń wá ìka tí yóò gé, kó bẹ̀rẹ̀ láti ara tiẹ̀."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Wọ́n bá a níbi tí ọkọ̀ wà, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n lé jáde.

Bun-hiong padà sí Taipei. Ní ọjọ́ kejì Siu-kim lọ sí ilé ẹja. Ó lo ẹ̀mú títí di ọ̀sán nínú ìrora tó ń mú eyín rẹ̀ pa keke, ó ń ronú. Kò ronú nípa ikú. Ó ń ronú nípa yàrá ìgbàlejò ọmọ rẹ̀, nípa àga aláwọ̀ eérú tí wọ́n máa ń ní kí ó jókòó sí, àti rọ́gì tí kò gbọdọ̀ wọ bàtà gorí. Ẹni tí wọ́n gé ìka rẹ̀ kò lè yọ eegun. Ẹni tí kò lè yọ eegun, kí ni yóò sọ tí yóò fi kọ̀ láti lọ jókòó lórí àga yẹn títí ayé?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbé páálí yìnyín kan lé itan, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tainan lóun nìkan.

"Ìyá," ni nọ́ọ̀sì wí lẹ́nu ọ̀nà, "kí ló wà nínú páálí yẹn? Ó ń kán sílẹ̀."

"Ẹja ni."

"Ẹja kẹ̀! Wọn kì í gbé ẹja wọlé níbí."

"Ara ẹja yá. Èmi ni mo wá rí dókítà."

Kí nọ́ọ̀sì tó rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, Siu-kim ti wọlé. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, lórí àwọn ìwé dókítà gan-an. Ó gbé ẹja sabahi kan lé e, tí wọ́n ti là láti ẹ̀yìn tí wọ́n sì ti yọ ọ̀pá eegun rẹ̀ kúrò. Ó mú ẹ̀mú jáde láti inú àpò kékeré kan.

"Dókítà, ẹ fẹ́ gé ìka. Mi ò ní kí ẹ má gé e. Mo ní kí ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ gé ná."

"Màmá, ènìyàn ń dúró níta..."

"Kí wọ́n dúró. Èmi náà dúró."

Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ yìnyín kí ìka lè ríran, ó tẹ ẹran náà, ó rí i, ó fà á. Eegun kan. Òmíràn. Ó ń tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn ní ìlà. Ìka tó wú náà kò lè ká dáadáa, nítorí náà ó ń yí gbogbo apá rẹ̀ láti ìgúnpá, òógùn sì bò ó níwájú orí nínú yàrá tútù yẹn. Lẹ́ẹ̀kan ẹ̀mú bọ́. Ó ṣépè fún un, ó sì gbé e padà. Nọ́ọ̀sì tó wọlé wá láti lé e jáde dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Nígbà tó ṣe tán, ẹja náà wà lódindi bí ẹni pé kò ní eegun rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

"Ẹ fọwọ́ kàn án," ni Siu-kim wí. Mímí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. "Bí ẹ bá rí eegun kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ gbé ọ̀bẹ wá."

Dókítà Sia kò fọwọ́ kan ẹja. Ọwọ́ Siu-kim ni ó mú. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún lábẹ́ iná. Ó tutù bí irin. Àwọn àmì kéékèèké wà káàkiri awọ rẹ̀, dúdú, funfun, pupa, bí ẹni pé ẹnìkan fi abẹ́rẹ́ kọ ìwé sí i lára.

"Ìgbà wo lẹ fi iṣẹ́ ẹja sílẹ̀, Màmá?"

"Àná. Ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán."

"Ọmọ yín ní ọdún mẹ́fà."

"Ọmọ mi kì í gbé Beimen."

"Ẹja ti gún yín lórí oríkèé yìí rí?"

Siu-kim wò ó tìyanu-tìyanu. "Dókítà, ẹ kúkú bi mí bóyá òjò ti pa mí rí."

Dókítà jókòó. Ó wo ẹja náà. Lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara rẹ̀ níwájú orí.

"Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ̀yin ló yẹ kí n bi, kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ gbọ́. Kòkòrò àrùn kan wà tí ń gbé inú omi àti lára ẹja. Kì í kánjú. Bí ẹja bá gún ènìyàn lónìí, ó lè tó oṣù kan tàbí méjì kí ó tó hàn. Kò fẹ́ràn ooru. Inú ara yín gbóná jù fún un, ìdí nìyẹn tí kò fi tíì gòkè apá. Àmọ́ ìka tó ń wà nínú yìnyín láti òwúrọ̀, ààfin ló jẹ́ fún un."

"Kí ló dé tí kò fi hù nínú àwo yín?"

"Nítorí pé inú àpótí tó gbóná bí ara ènìyàn la gbé àwo náà sí. Kòkòrò yẹn fẹ́ kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fẹ́ kí wọ́n dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwa kò dúró. Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró, nítorí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n kì í ní irú kòkòrò bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó gún mi lábẹ́rẹ́ ńkọ́? Ó kọ́kọ́ san."

"Abẹ́rẹ́ yẹn mú wíwú lọ lóòótọ́. Àmọ́ wíwú yẹn ni ara yín fi ń jà. Ẹ fún ọlọ́dẹ ní oògùn oorun, olè ráyè ilé."

Siu-kim ronú sí i. "Ẹ ò wá ní gé e mọ́?"

"Mi ò ṣèlérí."

"Èmi náà ò ṣèlérí pé n ó jẹ́ kí ẹ gé e."

Dókítà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Màá ṣí oríkèé náà, màá fọ̀ ọ́, màá sì bó gbogbo awọ inú rẹ̀ tó ti bàjẹ́. A ó gbin díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ibi tútù. Lẹ́yìn ìyẹn, oògùn, lójoojúmọ́, fún oṣù púpọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nítorí pé ara ti yá, yóò padà wá, n ó sì gé e. Ẹ ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹja tútù títí n ó fi ní ó tó."

"Títí di ìgbà wo?"

"Mo ní títí n ó fi ní ó tó."

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ láti òwúrọ̀, èyí nìkan ló mú kí Siu-kim wá ibi tí yóò jókòó. Nọ́ọ̀sì ló gbé àga fún un. Nọ́ọ̀sì náà ló béèrè, ní ohùn pẹ̀lẹ́, ẹni tí yóò jẹ ẹja náà.

Bun-hiong dé ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu dókítà. Ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ purọ́ fún mi, Màámi."

"Èmi? Ìwọ lo sọ̀rọ̀ níwájú dókítà. Èmi dákẹ́ ni. Ẹni tó dákẹ́ kò purọ́."

"Ọdún mẹ́fà!"

"Ọdún mẹ́fà tí o fi ń jẹun lọ́wọ́ mi tí o kò gbọ́ òórùn rẹ̀."

Ọmọ náà gbé ojú sílẹ̀. Siu-kim rí i pé irun ti bẹ̀rẹ̀ sí í re lórí rẹ̀, ó sì fẹ́ dẹ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dẹ̀ ẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá dẹ̀ ẹ́ báyìí, orí àga aláwọ̀ eérú ni òun yóò jí.

"Gbọ́ o, Hiong. Bí mo bá wà nídìí tábìlì ẹja, ènìyàn ni mí. Ní pálọ̀ rẹ, àga ni mí. Wọ́n á gbé mi síbí, wọ́n á gbé mi sọ́hùn-ún, wọ́n á nu eruku ara mi. Mi ò fẹ́. Sọ fún àwọn àna rẹ pé ìyá rẹ ń yọ eegun ẹja. Bí ojú bá ń tì ọ́, fi ilé mi sílẹ̀, kò sí àyè fún ìtìjú yẹn ní Beimen."

"Ta ló sọ pé ojú ń tì mí?"

"Tẹlifíṣọ̀n ni mò ń wò, àbí?"

Wọ́n wá gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Kòkòrò náà hù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nínú àwo tútù, ó rí bí dókítà ti wí. Nígbà náà Siu-kim ti wà nílé, ìka rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó ń jẹ oògùn. Ní àdúgbò yẹn, ẹni tí wọ́n bá gé lára, omi ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n ń gbé wá fún un kí ojú ọgbẹ́ lè pa dé. Gbogbo wọn sì gbé e wá. A-kiok gbé tiẹ̀ wá nínú fúláàsì. Siu-kim mu ẹnu kan, ó dúró, ó sì fa eegun kan yọ láti àárín eyín.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo kánjú ni."

"Kí lo ń kánjú lọ bá? Ọkọ rẹ?"

Àmọ́ eegun yẹn dá wàhálà sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Siu-kim ra ẹja, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì yọ eegun ọbẹ̀ ara rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nínú ọ̀rá. Ẹja bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀rá ya, omi ẹja rin aṣọ ọgbẹ́ gbindin. Ẹ̀rù bà á débi pé ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tainan láì pààrọ̀ ṣòkòtò. Dókítà Sia fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó tún un dì, ó wá ní:

"Ta ni ẹ rò pé ẹ ń bá jà, Màmá? Èmi ni, àbí kòkòrò yẹn?"

Siu-kim gbé ìbéèrè náà délé.

Ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà máa ń sọ omi ara di pupa bí omi tíì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un. Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ kan tí ó gbọ́ tí ọkọ̀ ilé ẹja kọjá lójú ọ̀nà láì dúró fún un, omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó sì rí àbàwọ́n rẹ̀. Òun tí kò sunkún níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀! Ó wo àbàwọ́n náà pẹ́. Kódà ẹkún mi kò jẹ́ kí n fi í pamọ́, ni ó rò. Ó dìde, ó fọ aṣọ ìrọ̀rí, àbàwọ́n náà kò sì lọ.

Oògùn náà ń bì í nínú. Ìka ti rọlẹ̀, ojú ọgbẹ́ ti pa dé, kò sì sí ìrora mọ́. Gbogbo ènìyàn ní kí ó fi í sílẹ̀. Olóògùn eegun ẹ̀bá ojúbọ tilẹ̀ wá sọ fún un nílé pé oògùn òyìnbó ń jẹ ẹ̀dọ̀. Àwọn ìgbà kan wà tí ó mú hóró oògùn sọ́wọ́ tí ó sì gbójú lé ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ẹni tí òun ń bá jà báyìí. Ohun kan wà nínú oríkèé òun tí ó ti fi ara balẹ̀, tí ó ń dúró kí agbára òun tán. Ó mọ irú sùúrù bẹ́ẹ̀; sùúrù eegun inú ẹran ni. "O rò pé ó máa sú mi?" ni ó máa ń bi ìka náà. "O ò tíì mọ̀ mí." Á sì gbé oògùn mì.

Adágún gbẹ, wọ́n tún bomi sí i, ẹja mìíràn dàgbà kí Dókítà Sia tó ní ó tó. Ìka náà kù lọ́wọ́ Siu-kim. Àmọ́ orí eegun tí ikán jẹ kì í hù padà. Ìdajì ni oríkèé náà ń ká mọ, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Nígbà tó wọ ilé ẹja padà, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, bí dókítà ti pàṣẹ. A-kiok bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ dìde o, dókítà oníṣẹ́ abẹ ti dé! Ẹ wo ẹja yìí fún mi, Dókítà, ó ti kú láti ìjẹta."

"Ìwọ ni n ó kọ́kọ́ là."

Ó fi ẹ̀mú sáàárín àtàǹpàkò àti ìka kẹrin, nítorí pé ìka àárín kò lè mú un mọ́. Ìbọ̀wọ́ fọ́ ọ lójú lóòótọ́. Ọmọbìnrin tó ń yẹ ẹja wò nípẹ̀kun tábìlì gbé ti Siu-kim padà fún un, ojú ń ti ọmọ náà. Eegun ṣì wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ ṣe é kà. A-kiok kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn sún yìnyín sọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀, ìyẹn sì dun Siu-kim ju yẹ̀yẹ́ lọ. Ó yọ wọ́n. Wọ́n tún gbé e padà. Ó tún yọ wọ́n. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá, ọ̀gá sì sọ fún un pé kò sí dandan. "Mo mọ̀," ni ó wí, ó sì jókòó.

Ní alẹ́ tí ọdún ń parí, Bun-hiong àti ìyàwó rẹ̀ wá. Ẹja wà láàárín tábìlì, bí àṣà ibẹ̀ ti wí. Siu-kim kò fi ọsàn ra ọwọ́. Òórùn iṣẹ́ rẹ̀ bá a jókòó sídìí oúnjẹ, kò sì sí ẹni tó mẹ́nu bà á. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bu ẹja náà, ó ní ó dùn, ó ní bàbá òun ti ń béèrè bóyá wọ́n lè rí irú rẹ̀ rà ní Taipei.

Bun-hiong ń jẹun. Lójijì ẹnu rẹ̀ dúró. Ó fi ahọ́n wá a láàárín ẹran, ó yọ ọ́, ó sì rọra gbé e sétí abọ́ rẹ̀: eegun kan, tín-ín-rín bí irun. Ó wò ó bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí láyé. Kò sì rí i rí ní tòótọ́, nínú ilé yẹn, láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ wo ìrẹsì tirẹ̀.

Siu-kim na ọwọ́ kọjá tábìlì, ìka àárín tó le náà yọ síta bí òpó. Ó mú eegun náà, ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ọ̀kan," ni ó wí. "Lánàá, méjì ni."

Bun-hiong wo ìka náà, ó wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti abọ́ rẹ̀ síwájú kí ìyá lè tún bu ẹja fún un.